Ẹ Wọn Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Adìẹ

  

Ọ̀rọ̀ adìẹ ẹ̀yìnkùlé la gbé wá lónìí. Kì í ṣe oúnjẹ adìẹ, kì í sì í ṣe oògùn adìẹ. Ọ̀rọ̀ ààyè ni. Báwo ni ilé adìẹ ṣe yẹ kó tóbi tó? Báwo ni ọgbà tí wọ́n ń rìn nínú rẹ̀ lọ́sàn-án ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Adìẹ mélòó ni ẹ̀yìnkùlé kan lè gbà, tí kò ní di ìnira fún adìẹ, fún ẹni tó ń sìn ín, àti fún aládùúgbò?

Adìẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rà. Wọ́n á rí ọmọ adìẹ tó wù wọ́n, wọ́n á gbé páálí rẹ̀ wálé, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó máa wá pákó àti páànù kiri. Ogún ọmọ adìẹ nínú páálí kan kò gba ibi kankan. Wọ́n ń sáré sókè sódò, ààyè ṣì ṣẹ́kù. Kó tó tó oṣù méjì, ọ̀rọ̀ á ti yí padà. Ọ̀kan á máa ṣá èkejì lẹ́yìn, ìyẹ́ á máa re, òórùn á máa jáde, adìẹ méjì mẹ́ta á kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ni wọ́n á ní ẹni tó ta adìẹ fún òun ló rẹ́ òun jẹ. Àwọn mìíràn á ní oúnjẹ ni kò dáa, tàbí kí wọ́n ní ọ̀tá ló fojú burúkú wò wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fura sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ mú téèpù, ẹ wọn ilé tí àwọn adìẹ yẹn ń gbé.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé àwọn ìyá wa àtijọ́ wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó sin adìẹ? Wọn kò wọ̀n ọ́n. Àgò kan, tàbí abẹ́ àká, tàbí igi kan lẹ́yìn ilé, ó ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn àgò yẹn: gbogbo agbo ilé ni ọgbà adìẹ. Láti àfẹ̀mọ́jú títí di ìgbà tí adìẹ bá wọ̀, ó ti tan ilẹ̀ dé ààtàn, ó ti dé abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Oorun nìkan ló ń bá wá sínú àgò. Ìdí nìyẹn tí àgò kékeré kò fi pa á lára.

Lóde òní, odi ti yí ilé ká. Pulọ́ọ̀tì kan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ibòmíràn wà tí wọ́n ń tà á ní 50 sí 100. Kọ́ ilé sórí rẹ̀, gbẹ́ kànga, gbẹ́ ihò ṣaláńgá, wá ibi tí ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ máa wà, kí o wá wo ohun tó kù. Ilẹ̀ tó kù yẹn ló yẹ ká fi pinnu iye adìẹ. Owó tó wà lápò kọ́, ìfẹ́ tó wà lọ́kàn náà kọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ìṣirò. Kò le rárá.

Inú ilé adìẹ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin fún adìẹ àgbà kan. Ohun tí à ń sọ ni ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ní ti ọgbà ìta, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá fún adìẹ kan, ìyẹn ilẹ̀ tó gùn ní márùn-ún tó sì fẹ̀ ní méjì. Mẹ́rin nínú ilé, mẹ́wàá níta. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń sin adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé ń lò káàkiri nìyẹn, ó sì rọrùn láti há sórí.

Ká ní ilé adìẹ kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó sì fẹ̀ ní mẹ́fà. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 48. Tí a bá pín 48 sí mẹ́rin mẹ́rin, adìẹ méjìlá ló gbà. Àwọn méjìlá yìí á wá nílò ọgbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120, bíi kó gùn ní méjìlá kó sì fẹ̀ ní mẹ́wàá. Ẹ̀yìnkùlé mélòó ní Ìkòròdú tàbí ní Mọ́níyà ló ní ilẹ̀ tó ṣófo tó bẹ́ẹ̀? Ó wà, àmọ́ kò pọ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì èyí, adìẹ mẹ́fà ni kó sìn. Adìẹ mẹ́fà tí ara wọn le lè fún ilé kan ní ẹyin tó máa jẹ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ adìẹ lè tẹ̀ là ń kà. Tí ọpọ́n oúnjẹ àti àpótí ìyé bá jókòó sílẹ̀, ẹ yọ ibi tí wọ́n gbà kúrò. Ẹ gbé àpótí ìyé kọ́ sára ògiri, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á padà di ti adìẹ. Àpótí kan tó fẹ̀ ní íǹṣì méjìlá tó sì gùn ní méjìlá tó adìẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí wọn kì í yé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan tó ti ṣiṣẹ́ ní oko adìẹ ńlá á ti máa mi orí báyìí. Wọ́n mọ̀ pé lóko ńlá, adìẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n ń sìn sórí ilẹ̀ kì í rí ju bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, àwọn tí wọ́n ń sìn fún ẹran tilẹ̀ ń rí kan péré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn oko yẹn ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ adìẹ tọ̀sán-tòru, wọ́n ní dókítà ẹran, wọ́n ní ètò àjẹsára, adìẹ tí wọ́n fẹ́ pa kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ ju oṣù méjì lọ. Adìẹ ẹ̀yìnkùlé máa ń lo ọdún méjì, mẹ́ta. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ààyè ló ń bá a ṣe ìtọ́jú tí kò ráyè ṣe.

Àwọn ará Yúróòpù pàápàá ti fi ọ̀rọ̀ ààyè yìí ṣòfin. Nígbà kan rí, adìẹ ẹlẹ́yin nínú kéèjì wọn lè má rí ju sẹ̀ǹtímítà 550 onígun mẹ́rin lọ. Bébà A4 tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì tóbi ju ìyẹn lọ. Ibẹ̀ ni adìẹ náà á dúró sí, ibẹ̀ ni á jẹun sí, ibẹ̀ náà ni á yé sí, kò lè na apá rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin lórí rẹ̀ ní 1999, wọ́n sì fòpin sí irú kéèjì bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012. Òfin wọn lórí títa ẹyin sọ pé adìẹ tí wọ́n bá fẹ́ ta ẹyin rẹ̀ bíi ti adìẹ tó ń jẹ̀ níta gbọ́dọ̀ ní mítà mẹ́rin onígun mẹ́rin níta fún ẹyọ kan. Ìyẹn lé ní ẹsẹ̀ bàtà ogójì! Nínú ilé, àwọn adìẹ kan náà lè fún mọ́ra wọn títí dé mẹ́sàn-án lórí mítà kan onígun mẹ́rin.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé bí ìta bá fẹ̀, inú ilé lè kéré díẹ̀. Ó sì tún kọ́ wa pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tí à ń sọ kì í ṣe ọrọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó bá lè fún adìẹ rẹ̀ ní ogún, kó fún un.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà: ẹ ka wákàtí mọ́ ilẹ̀. Wákàtí mélòó ni adìẹ yín ń lò nínú ilé? Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un ní kùtùkùtù, tí kò sì wọlé àfi tí ilẹ̀ bá ń ṣú, yàrá oorun ni ilé yẹn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó o. Àmọ́ ẹ wo òṣìṣẹ́ tó ń kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí kó lè dé Èkó, tí kì í sì í wọlé kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́. Tí kò bá sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn, inú ilé yẹn ni adìẹ rẹ̀ wà látàárọ̀ dalẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ọgbà, kódà bí ọgbà náà bá wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló yẹ kó wà nínú ilé fún adìẹ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sàn jù ni kó so ilé àti ọgbà pọ̀, kó fi wáyà líle bo ọgbà náà lórí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ilẹ̀kùn àárín wọn lè máa ṣí sílẹ̀. Adìẹ á jáde fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́.

Kí ló tilẹ̀ dé tí adìẹ fi ń jẹ ara wọn níyà tí ibi tí wọ́n wà bá há? Ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Thorleif Schjelderup-Ebbe. Láti kékeré ló ti ń jókòó wo adìẹ, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn 1920, ó ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ pé agbo adìẹ ní àgbà, ó ní àbúrò: adìẹ kan wà tó lè ṣá gbogbo àwọn yòókù, èyí tó tẹ̀ lé e lè ṣá gbogbo àwọn tó kù yàtọ̀ sí àgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí tó fi kan èyí tí gbogbo wọn ń ṣá. Bí ààyè bá wà, èyí tó kéré jù á yà fún àgbà, ìjà á parí. Nínú ilé tó há, kò síbi tó máa yà sí. Ẹnu kò ní kúrò lára rẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti hàn lára rẹ̀, gbogbo wọn á dà bò ó, wọ́n lè pa á.

Nítorí náà, ẹ gbé ọpọ́n omi méjì kalẹ̀ dípò ọ̀kan, kí wọ́n sì jìnnà síra wọn. Adìẹ kan kò lè ṣọ́ méjèèjì.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ń sùn. Adìẹ kì í fẹ́ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí igi ló fẹ́ bà lé. Àwọn àgbà ní, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò gbà á, ọ̀pá yíyi bọ̀rọ́ kò sì gbà á. Igi tó fẹ̀ tó íǹṣì méjì, tí wọ́n ti fá etí rẹ̀ kó má baà gé e lẹ́sẹ̀, ló dára. Kí adìẹ kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi rẹ̀ tó, kó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé adìẹ ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Á rí èyí tó ń fò sókè tí wọ́n ń tì í padà, á rí èyí tó lọ káwọ́ gbera sínú àpótí ìyé nítorí kò ríbi bà lé. Tí wọ́n bá ń sùn sínú àpótí, inú rẹ̀ náà ni wọ́n á máa yàgbẹ́ sí, ẹyin àárọ̀ á sì dọ̀tí. Ẹ fi igi kún un, kí ó sì ga ju àpótí ìyé lọ, nítorí ibi gíga jù ni adìẹ ń wá lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ ooru ńkọ́? Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìyà ooru tí wọ́n rí lára rẹ̀ kì í ṣe irọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ fi hàn wá pé adìẹ kò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde. Ara rẹ̀ gbóná ju tèèyàn lọ, ó tó nǹkan bí 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí tiwa jẹ́ 37. Ẹnu tó là sílẹ̀ tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Tí wọ́n bá pọ̀ jù nínú ilé kan lóṣù kẹta, ooru ara èkíní á máa mú èkejì. Ẹyin á dín kù, èyí tó sanra jù ló máa kọ́kọ́ kú.

Torí ẹ̀, nílẹ̀ tiwa, ògiri ilé adìẹ kò gbọ́dọ̀ ga títí dókè. Ẹ mọ ọ́n dé orúnkún tàbí ìdí, kí ẹ fi wáyà parí rẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan kó gba ìkejì jáde. Kí gígùn ilé náà lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà máa wọlé látinú ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Kí páànù yọ síta dáadáa nítorí òjò.

Ìdọ̀tí ilẹ̀ náà ń tọ́ka sí ààyè. Èérún pákó láti sọ́míìlì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ́, kí ó nípọn tó íǹṣì mẹ́rin. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, kí ẹ fún un. Tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn nígbà tí ẹ bá la ọwọ́, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ tún lóṣòó, kí imú yín wá sí ibi tí orí adìẹ wà, kí ẹ mí sínú. Òórùn amóníà tó ń ta yín nímú níbẹ̀, adìẹ ń mí in tọ̀sán-tòru, ó ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ẹni tó dúró ṣánṣán lẹ́nu ilẹ̀kùn lè má gbọ́ òórùn kankan. Ilẹ̀ tó tutù tó sì móoru ni kòkòrò coccidiosis ń fẹ́, àrùn tí ọmọ adìẹ fi ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ pa ìwọ̀n adìẹ mọ́, ilẹ̀ á máa gbẹ fúnra rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta wàyí. Adìẹ á tan ilẹ̀ ọgbà títí koríko á fi tán, òjò oṣù kẹfà á wá sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ díẹ̀, kó pín ọgbà sí méjì. Kí adìẹ jẹ ní apá kan, kí apá kejì sinmi kó hu koríko. Ẹ ṣẹ́ igun kan kù sábẹ́ òrùlé fún yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Adìẹ tó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ sára, tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó na ẹsẹ̀ kan, kò ṣàìsàn. Bó ṣe ń wẹ̀ nìyẹn, bó sì ṣe ń lé iná ara rẹ̀ dànù nìyẹn. Ibi tí ọgbà há sí, ohun àkọ́kọ́ tí adìẹ máa ń pàdánù nìyẹn.

Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún adìẹ lè há adìẹ mọ́lé, kò lè dá ajá tó fẹ́ wọlé dúró, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ tó fún ejò àti eku. Wáyà tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì ló dára, ó kéré tán nísàlẹ̀. Ẹ rì í wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ bo orí ọgbà nítorí àṣá. Ẹ sì ṣọ́ ìjàlọ lásìkò òjò, nítorí adìẹ tó sàba kì í fẹ́ dìde lórí ẹyin, ibẹ̀ ni wọ́n á bá a.

Irú adìẹ náà ní ohun tó ń sọ. Adìẹ ìbílẹ̀ wa kéré, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó lè fara da ilé tó kéré díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fò, odi tí kò ga tó orí èèyàn kò dá a dúró, ó sì kórìíra kí wọ́n sé e mọ́. FUNAAB Alpha tí àwọn onímọ̀ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta tọ́ jáde láti ara adìẹ ìbílẹ̀, àti Noiler, tóbi jù ú lọ; ẹ má ṣe dín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin wọn kù. Ní ti àkùkọ, ọ̀kan tó abo mẹ́wàá. Àkùkọ méjì láàárín abo mẹ́rin, ẹ̀yìn àwọn abo yẹn á pá tán.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba náà ń gbọ́ ètò yìí, àwọn kan nínú wọn ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, ẹnikẹ́ni tó bá ní adìẹ ní England àti Wales gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kódà bó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Àrùn adìẹ tó ń ti ara ẹyẹ igbó ràn ló fà á. Láti oṣù kọkànlá 2022 di oṣù kẹrin 2023, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo adìẹ ní England wà lábẹ́ òrùlé. Ẹni tí ọgbà adìẹ rẹ̀ ti ní òrùlé àti wáyà tẹ́lẹ̀ kò ṣe ju pé kó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí adìẹ rẹ̀ ń jẹ̀ kiri, tó ní ilé kékeré kan fún oorun wọn, sé wọn mọ́ inú ilé yẹn fún oṣù márùn-ún. Àrùn yìí kò ṣàjèjì sí wa náà. Oṣù kejì 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Jájí, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ẹ kọ́ ọgbà tó ṣeé bò.

Ẹni tí adìẹ rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ilé rẹ̀ lónìí ńkọ́? Kó má dúró de ọdún Kérésì. Kó kọ́kọ́ ta àkùkọ tó pọ̀ jù, kó pa àwọn adìẹ tí kò yé mọ́. Kó gbé àpótí ìyé kúrò nílẹ̀, kó fi igi kún igi tí wọ́n ń sùn lé, kó kó èérún pákó tó ti rin dànù. Lẹ́yìn náà, kó fa ọgbà gùn bí ilẹ̀ bá wà. Tí kò bá sí ilẹ̀, iye adìẹ ló máa dín kù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní wákàtí yìí kan náà, oúnjẹ adìẹ la máa sọ̀rọ̀ lé lórí: ohun tí adìẹ ẹlẹ́yin nílò, àti ohun tí a lè pò fúnra wa nílé. Ẹ wọn ilé adìẹ yín kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, nítorí a óò tún lò ó.